Wákàtí Mélòó Lẹ Ní Lọ́sẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Másítàs Ẹnjiníà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú. Àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà wa ní Èkó, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ní Ìkẹjà, ní Marina, ń wá másítàs orí íntánẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń béèrè: "Fásitì wo ló dáa jù?" Ìbéèrè yẹn kò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń parí rẹ̀ sí. Wọ́n á wo orúkọ, wọ́n á wo iye owó, wọ́n á san owó àkọ́kọ́. Tó bá fi máa di sáà kejì, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ másítàs lẹ́nu wọn mọ́.

Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn kò gbé e. Ẹni tó jáde ní Akoka pẹ̀lú èsì tó dáa, tó sì ti ń bójú tó ẹ̀rọ ńláńlá ní iléeṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ìmọ̀ kọ́ ló máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wákàtí ni. Èrò tèmi ni pé ká fi wákàtí yan ilé ìwé, kí orúkọ àti owó tó tẹ̀ lé e.

## Kí owó àsansílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín

Àsìkò kan wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ìwé ìgbàwọlé ti dé sórí fóònù, inú ilé ń dùn, ìyá ti gbàdúrà, fásitì sì ti dá ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san owó àsansílẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn àti ìgbà tí owó bá jáde nínú àkáǹtì yín, agbára ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè béèrè ohun tó bá wù yín, wọ́n á sì dáhùn kíákíá. Tí owó bá ti lọ tán, ó di kí ẹ tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ jókòó ti ìwé kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣí: ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. "Module specification" ni wọ́n ń pè é ní ìlú Ọba, "syllabus" ni ní Amẹ́ríkà. Tí kò bá sí lórí ìkànnì wọn, ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Fásitì tí kò bá lè fi ohun tó ń tà han ẹni tó fẹ́ rà á, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀kan wò. Ká ní kọ́ọ̀sì Control Systems (ẹ̀kọ́ nípa ìdarí ẹ̀rọ) ni, ní fásitì kan ní ìlú Ọba, tó sì jẹ́ kírẹ́díìtì 15. Ìlànà tiwọn ni pé kírẹ́díìtì kan dúró fún wákàtí 10 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣiṣẹ́. Wákàtí 150 ni kọ́ọ̀sì yìí máa gbà nìyẹn. Ẹ wá wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: fídíò olùkọ́ lè má ju wákàtí 30 lọ. Níbo ni wákàtí 120 tó kù wọlé sí? Inú ìwé kíkà ni, inú ìṣirò tí ẹ máa ṣe lórí bébà títí ọwọ́ yóò fi ro yín, inú MATLAB, sọ́fítíwìà ìṣirò tí ẹ máa fi dán ìṣesí mọ́tò wò, tí èsì rẹ̀ kò ní bá ti orí bébà mu, tí ẹ máa wá ibi tí àṣìṣe wà kiri títí di òru. Ẹni tó wo fídíò tán tó ní òun ti kàwé ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ṣe.

MSc lódindi ní ìlú Ọba jẹ́ kírẹ́díìtì 180, èyí tí 60 nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pírójẹ́ẹ̀tì. Wákàtí 1,800 nìyẹn. Tí ẹ bá pín in sí ọdún méjì, ó lé ní wákàtí 17 lọ́sẹ̀, láìsinmi, Kérésì àti Iléyá kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ̀sẹ̀ tí kò sí iṣẹ́ ilé ìwé kúrò, ó máa gòkè kọjá 20. Tí ẹ bá pín in sí ọdún mẹ́ta, ó sún mọ́ 11 àbọ̀.

Ìṣirò ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Kírẹ́díìtì 30 ni ọ̀pọ̀ másítàs wọn, ìyẹn kọ́ọ̀sì mẹ́wàá tó jẹ́ kírẹ́díìtì mẹ́ta mẹ́ta. Fún kírẹ́díìtì kan, wọ́n ka wákàtí kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti méjì fún iṣẹ́ tí ẹ máa dá ṣe, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún bí ọ̀sẹ̀ 15. Kọ́ọ̀sì kan, wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Kọ́ọ̀sì méjì, 18.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò, èyí tí fásitì kankan kò lè bá yín ṣe. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, ìdájí ló ń jáde nílé, òru ló ń wọlé nígbà tí Third Mainland bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ má tan ara yín pé ẹ máa kàwé lálaalẹ́. Alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta. Sátidé, tí kò bá sí òde: márùn-ún. Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn tàbí lẹ́yìn ìpàdé àdúgbò: mẹ́rin. Wákàtí 12 nìyẹn, ẹni tó bá sì rí i lóòótọ́ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ń gbìyànjú.

Ẹ má fi wákàtí inú ọkọ̀ kún un. Kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, bí ìṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ lè máa gbọ́ ọ nínú BRT, tàbí nínú reluwé aláwọ̀ búlúù tó ń lọ láti Marina sí Mile 2 láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ìṣirò Laplace kò ṣeé gbọ́ létí. Ó fẹ́ tábìlì, ó fẹ́ bébà, ó fẹ́ kí ọkàn pa rọ́rọ́.

Ẹni tó ní wákàtí 12, másítàs ọdún mẹ́ta ni tirẹ̀ ní ìlú Ọba, tàbí kọ́ọ̀sì kan ní sáà kan ní Amẹ́ríkà. Èyí tó bá kàn án nípá pé ọdún méjì ni, kó yọ ọ́ kúrò, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dún tó. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè: ọ̀rẹ́ yín tó parí tiẹ̀ lọ́dún kan ààbọ̀ lè máa gbé Yaba, kó máa ṣiṣẹ́ látilé, kó má sì tíì bímọ.

Ẹ tún béèrè iye ọdún tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà. Georgia Tech, fásitì kan ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ másítàs Computer Science orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2014, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún mẹ́fà. Àyè bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹ̀dínwó lọ fún ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ lè gbé lọ sí Port Harcourt fún oṣù mẹ́rin láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kéèyàn dá sáà kan dúró, àti iye ìgbà.

## Ta ni yóò ka ìwé ẹ̀rí náà?

Lẹ́yìn wákàtí, ẹni tí ẹ fẹ́ gbé ìwé ẹ̀rí lọ bá ló kàn. Ibí yìí ni àṣìgbọ́ ti pọ̀ jù láàárín wa.

COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 1970, dìgírì àkọ́kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ka Physics tó wá lọ ṣe másítàs Electrical Engineering lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè retí pé másítàs yẹn nìkan máa sọ òun di ẹnjiníà níwájú COREN. Bákan náà ni Washington Accord tí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ, àdéhùn tí àjọ ẹnjiníà orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ń gba dìgírì ara wọn, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1989: dìgírì àkọ́kọ́ ló wà fún. Ó sì wà lára ohun tó mú kí ìbéèrè "Ṣé ABET fọwọ́ sí másítàs yìí?" máa ṣi èèyàn lọ́nà. Ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ABET, àjọ Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ń yẹ̀ wò, kì í ṣe fásitì lódindi, dìgírì àkọ́kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Másítàs gidi ní Amẹ́ríkà pọ̀ tí kò sí lórí ìwé ABET, kò sì sọ wọ́n di ayédèrú. Ohun tó yẹ kí ẹ wò fún Amẹ́ríkà ni bóyá fásitì fúnra rẹ̀ ní ìfọwọ́sí àjọ tí ìjọba wọn tàbí CHEA (ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí fásitì níbẹ̀ wò) mọ̀. Fún England, ẹ wo ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ Office for Students, àjọ tó ń bójú tó fásitì níbẹ̀.

Ti ìlú Ọba ní àǹfààní kan tí ó yẹ kí ẹni tó ń lé CEng (Chartered Engineer, oyè iṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀) mọ̀. Engineering Council ibẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà bí IET àti IMechE láṣẹ láti fọwọ́ sí MSc gẹ́gẹ́ bí àfikún ẹ̀kọ́ tí CEng ń béèrè. Wọ́n ní àkójọ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan. Ẹ wo ọdún ìwọlé tí ìfọwọ́sí náà kó mọ́ra, kí ẹ sì wo bóyá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, nítorí ìfọwọ́sí ti inú kíláàsì lè má kan èyí tí ẹ fẹ́ ṣe látilé.

Orúkọ oyè náà tún lè kó bá yín. Ní ìlú Ọba, MEng jẹ́ dìgírì àkọ́kọ́ ọdún mẹ́rin tí wọ́n da másítàs pọ̀ mọ́. MSc ni èyí tí ẹni tó ti ní BSc tàbí BEng máa ń lọ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, MEng sábà máa ń jẹ́ kọ́ọ̀sì nìkan láìsí ìwé ìwádìí, tí MS sì lè ní ìwé ìwádìí nínú. Ẹni tó bá ní PhD lọ́kàn, kó wá èyí tó ní ìwé ìwádìí, tàbí ó kéré tán pírójẹ́ẹ̀tì tó tóbi tí olùkọ́ kan yóò tọ́ ọ sọ́nà, tí yóò sì lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un. Olùkọ́ tí kò rí yín rí, tó kàn mọ nọ́ńbà yín láàárín akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀rún kan, kò ní ohun púpọ̀ tó lè kọ.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tàbí tó fẹ́ kọ́ni ní fásitì níbí, kó kọ ìwé béèrè kó tó san kọ́bọ̀. Federal Ministry of Education ló ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò. Ẹ sọ ọ́ ní kedere nínú ìwé yín pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì lórí bébà. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìdáhùn ẹnu lásán kò ṣeé fi hàn níwájú ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ jápa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Físà Graduate Route ti ìlú Ọba, tó ń jẹ́ kéèyàn dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wà fún ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé ibẹ̀ kàwé. Ẹni tó jókòó sí Surulere tó gba MSc wọn kò sí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àǹfààní OPT, ìyẹn àyè láti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ní Amẹ́ríkà: físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ló so mọ́. Tó bá jẹ́ pé jápa ni ìdí tí ẹ fi ń wá másítàs, èyí tí ẹ máa ṣe látilé kò ní gbé yín débẹ̀ ní tààrà, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí.

## Ìdánwò, iná, àti aago

Ẹ padà sínú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní máàkì. Èyí tó jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá fún 100% máa ń rọrùn fún ará Èkó ju èyí tó gbé 60% lé ìdánwò ọjọ́ kan lọ. Iṣẹ́ àṣetiléwá ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta; tí iná bá lọ lónìí, ó lè dé lọ́la. Ìdánwò orí kámẹ́rà, tí wọ́n ti ń ṣọ́ yín láti ọ̀nà jíjìn, kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò iná náà bí ẹnjiníà. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ bíi 60W, router bíi 12W: 72W. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200Wh lórí ìwé. Tó bá jẹ́ bátìrì olójé, kò yẹ kí ẹ lò ó kọjá ìdajì, ìyẹn 600Wh. Ínfátà náà á jẹ bí 15% nínú rẹ̀, ó ku bí 510Wh. Fún 72W, wákàtí méje nìyẹn, ó ju ìdánwò lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá so fáànù 60W mọ́ ọn, kò ní tó wákàtí mẹ́rin. Tí bátìrì náà bá ti lo ọdún mẹ́ta, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí. Ẹ pa iná ilé ní Sátidé kan, kí ẹ fi láptọ́ọ̀pù dán an wò títí yóò fi kú.

Ohun kékeré kan wà tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ju bátìrì lọ. Nígbà tí iná bá lọ tí ínfátà sì gbà á, ìṣẹ́jú àáyá kan kò pé kó tó yí padà, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí router kú kó tún tan. Ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ló máa fi wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, sọ́fítíwìà ìdánwò á sì ti lé yín jáde. Ẹ yí ínfátà sí UPS mode, ètò tó ń mú un yí padà kíákíá, tó bá ní i, tàbí kí ẹ ra mini UPS (bátìrì kékeré) oníná 12V fún router nìkan. Wọ́n ń tà á ní Computer Village, kò wọ́n tó owó àtúnṣe ìdánwò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀ síra tún pọn dandan. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, ló bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Kò sí ìmúrasílẹ̀ ilé tó lè tán irú ìyẹn. Ìlànà fásitì ló lè gba yín: ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ìlú rẹ̀ bá kú lọ́jọ́ ìdánwò, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.

Ọ̀rọ̀ aago náà rèé. Aago Èkó kì í yí padà, ṣùgbọ́n tiwọn ń yí. Kíláàsì aago méje alẹ́ ní New York, aago kan òru ni níbí nígbà òtútù wọn, aago méjìlá òru nígbà ooru. Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé ní 11:59 alẹ́ tiwọn, 5:59 òwúrọ̀ ni tiwa, àfi tó bá di Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kẹta tó máa di 4:59 lójijì. Ibẹ̀ ni ẹni tó ti ń jí ní aago márùn-ún láti parí iṣẹ́ ti máa ń pàdánù. Ẹ yan ètò tí kíláàsì rẹ̀ ṣeé wò nígbàkígbà, pàápàá tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ti ìlú Ọba kò fi ju wákàtí kan lọ sí tiwa.

Ẹ tún rántí pé láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́ kì í sábà jẹ́ kéèyàn fi sọ́fítíwìà ìdánwò sórí rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórúkọ ìforúkọsílẹ̀ mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹni tó fi orúkọ bàbá ṣáájú níbì kan, tó fi í kẹ́yìn níbòmíràn, kó tún un ṣe kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

## Owó, ní ṣókí

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kí CBN tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì; oṣù kejì 2024, ó ti wà ní bí ₦1,500. Másítàs $10,000 tí ẹnì kan rò pé kò ní tó mílíọ̀nù márùn-ún wá di mílíọ̀nù 15 nígbà tó ṣì wà ní sáà kejì.

Nítorí náà, èyí tí wọ́n ń san ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sàn ju èyí tí wọ́n ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan lọ, kódà tí àròpọ̀ rẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́n jù. Ẹ lè dúró nígbà tí náírà bá ṣubú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá wọ́n máa gba Form A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra dọ́là ní báńkì fún owó ilé ìwé, fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó fọkàn sí iye tí báńkì ń ta dọ́là; ìwé ìgbàwọlé, ínfọ́ọ̀sì àti pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ wo owó àtúnṣe ìdánwò, owó kámẹ́rà ìdánwò, àti iye ọjọ́ tí ẹ fi lè yí ọkàn padà gba owó yín. Ọ̀pọ̀ fásitì ìlú Ọba fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún èyí.

Tí kọ́ọ̀sì bá sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé yín, bí bọ́ọ̀dù embedded systems (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ), ẹ ka owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọ̀sẹ̀ tó máa lò lọ́nà mọ́ ọn. Ẹ béèrè orúkọ bọ́ọ̀dù náà gan-an kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè wò ó bóyá wọ́n ń tà á níbí.

## Ẹ gbé kọ́ọ̀sì kan wò ná

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò dá a lójú. Àwọn ètò kan ń fi iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbà á wọlé dípò ìwé tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Másítàs Electrical Engineering ti Fásitì Colorado Boulder lórí Coursera wà lára wọn: kò béèrè tránskírípìtì, kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀ ni ẹ máa ṣe, tí ẹ bá gba máàkì tí wọ́n fẹ́, ẹ ti wọlé. Ẹni tó rántí bí ìyanṣẹ́lódì ASUU ṣe ti ilé ìwé pa láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá ọdún 2022, tí tránskírípìtì há sínú ọ́fíìsì, yóò mọ iyì ìyẹn.

Kódà tí kì í bá ṣe ibẹ̀ lẹ máa parí sí, ẹ mú kọ́ọ̀sì kan tó ní ìṣirò nínú, kí ẹ ṣe é ní oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ jù níbi iṣẹ́ yín, kì í ṣe nínú ìsinmi. Ẹ gbé ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ máa kọ iye wákàtí tí ẹ jókòó lóòótọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ pín àròpọ̀ rẹ̀ sí mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ 12, ẹ wá ti ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kọ́ọ̀sì kan ní sáà kan ni. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ fi owó yín sínú àkáǹtì, kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́.